Ẹ̀rọ tí mo fi ń ka kóòdù mọ́tò mi: ohun tí ojú mi rí ní Ìgbógbó

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi lo ẹ̀rọ yìí, tó ń ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń sọ pé nǹkan kan kò lọ déédéé, kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ohun tuntun a máa dùn lójú ẹni. Ní báyìí, ó ti bá mi rí òjò, ó ti bá mi rí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ògòlóńtó, mo sì ti mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé.

Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. ELM327 ni wọ́n ń pè é lọ́jà, èyí tó ń lo Bluetooth ni mo rà, ₦9,500, ní Sábó. Orúkọ ṣípù kan tí ilé-iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ṣe ni ELM327, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí tábìlì àwọn ọlọ́jà lónìí, àdàkọ ni, tèmi náà sì wà lára wọn. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, ni ihò tí ẹ máa kì í bọ̀ wà. Òfin Amẹ́ríkà ló pa á láṣẹ pé kí gbogbo mọ́tò kéékèèké tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti ọdún 1996 ní ihò yìí, ìdí nìyẹn tí tòkúnbọ̀ tó ti dàgbà dáadáa fi lè sọ tẹnu rẹ̀ fún yín.

Corolla 2005 ni mo ń wà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kétu, Ìgbógbó ní Ìkòròdú, l'Èkó, ni mo ń gbé, ẹ ó sì mọ irú ọ̀nà tí mọ́tò yẹn ń tọ̀ lójoojúmọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, bí mo bá ti tẹ bíréèkì dúró nínú gòsíló, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n débi pé dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn kò ní ṣeé wò. Bí mo bá dé afárá Májídùn, mọ́tò kò ní fà mọ́. Epo tí mò ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan kò pé ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì sì tàn sójú mi, kò kú.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Ó ní pọ́ǹpù epo ni, mo rà á. Ó ṣì ń gbọ̀n. Ó ní kí a fọ injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, a fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ló ti jóná. Owó tó ti jáde lọ́wọ́ mi nígbà yẹn lé ní ₦140,000, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò pè é lólè o. Àbá ló ń dá, owó mi ló sì fi ń dá a.

Àárọ̀ Sátidé kan ni èmi àti ọmọ mi tó wà ní yunifásítì jókòó sínú mọ́tò náà. A ki ẹ̀rọ bọ ihò, a yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù fi tàn láì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a so ó mọ́ fóònù pẹ̀lú nọ́ńbà 1234, a sì ṣí Torque Lite, áàpù ọ̀fẹ́ ni. Kò pẹ́ rárá tí kóòdù méjì fi jáde: P0171 àti P0302. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo lọ. Ìkejì ń sọ pé sílíńdà kejì, ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, kò jó epo bó ṣe yẹ. Mo kàn jókòó síbẹ̀ tí mò ń wo nọ́ńbà méjèèjì. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sanwó, ẹnikẹ́ni kò fi èyí hàn mí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Ó máa ń fẹ̀sùn kàn ni, ìwádìí ku ọwọ́ yín. Bí ẹ bá gbé P0171 lọ sọ́dọ̀ àwọn kan, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má rà á. Áàpù yẹn ní ohun kan tó ń jẹ́ fuel trim, tó ń fi bí kọ̀ǹpútà mọ́tò ṣe ń bu epo kún tàbí bó ṣe ń dín in kù hàn yín, ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kó wà nítòsí òdo. Nígbà tí Corolla mi ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, 21 ló ń bù kún. Nígbà tí ọmọ mi wá tẹ iná díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó já wálẹ̀ sí 6.

Èyí ló jẹ́ kí n fò sókè. Ẹ ronú ife omi kan tí wọ́n dà sínú kòròbà, àti ife kan náà tí wọ́n dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé láti ojú ihò kékeré kan, yóò hàn gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń mí gúlegúle, jíjò yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ká ní pọ́ǹpù epo ni kò lágbára, òdìkejì ni ì bá ṣẹlẹ̀, torí ìgbà tí a bá tẹ iná ni ẹ́ńjìnnì ń bèèrè epo púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé pọ́ǹpù tí mo rà yẹn, owó tó sọnù ni.

Mo wá mú ìgò tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó lọ̀ ọ́. A fi jíà sí P, a fa bíréèkì ọwọ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jìnnà sí wáyà àti kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ tú ìborùn sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí, fáànù àti bẹ́líìtì kò mọ àgbà. Ẹ má sì lo kẹ́míkà tó tètè ń gbiná tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná lè sọ. Nígbà tí omi kan rọ́bà kékeré tó ti ara PCV (fáàfù tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde) lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Mo tún wọ́n ọn, ó tún yí padà. A pa ẹ́ńjìnnì, ó tutù, mo yọ rọ́bà náà. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kò dé, ló ti sán. Ó ti gan bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n sá sóòrùn. ₦2,500 ni mo ra tuntun. Ọjọ́ kejì, fuel trim ti wálẹ̀ sí 4, mo pa kóòdù rẹ́, P0171 kò sì padà wá títí dòní.

P0302 ló kù. Bọ̀dá kan tó ń ṣe rìwáyà ládùúgbò wa ló kọ́ mi ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ẹ má tíì ra nǹkan kan o, mà. Ẹ gbé kọ́ìlì kejì síbi ẹ̀kẹta, kí ẹ gbé ẹ̀kẹta síbi ìkejì. Bí ẹjọ́ náà bá tẹ̀ lé e lọ, òun ló jẹ̀bi nìyẹn.” Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tí a ń fi sípánà 10 tú, ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú. Apá ibi tí bẹ́líìtì wà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílíńdà. Ẹ rọra tẹ ìdè wáyà rẹ̀ kí ẹ tó fà á, torí ike tó ti pẹ́ lẹ́bàá ooru máa ń ṣẹ́. Mo wa mọ́tò dé Àgríìkì, mo padà, mo ka kóòdù: P0303, ẹ̀sùn ti bá kọ́ìlì lọ sí sílíńdà kẹta. Mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú. Ládípọ̀ ni mo ti ra kọ́ìlì tòkúnbọ̀ kan, mọ́tò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà kò tiẹ̀ bá fóònù mi sọ̀rọ̀, mo ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, nítorí náà ẹ dán an wò nínú mọ́tò kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn ó máa ń já lójijì lórí ìrìn. Irú tèmi kò ní bá iPhone ṣiṣẹ́, ẹni tó ń lo ìyẹn gbọ́dọ̀ béèrè èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth LE. Kò lè ka ABS (ètò bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) tàbí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) mọ́tò mi. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ihò bí ẹ ò bá ní wa mọ́tò fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń mu bátìrì.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú. Bọ́tìnì ìpa-kóòdù-rẹ́ kì í wo mọ́tò sàn, ṣùgbọ́n àwọn kan tó ń ta mọ́tò máa ń tẹ̀ ẹ́ kí oníbàárà tó dé, kí iná má baà tàn. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ ki ẹ̀rọ bọ ihò, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ readiness sí, ìyẹn àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá ní òun kò tíì parí, wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́ nìyẹn, tàbí wọ́n yọ bátìrì. Ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Mo tún máa ń fi wo ooru ẹ́ńjìnnì nínú gòsíló Máìlì 12, àti bátìrì, tó máa ń wà ní nǹkan bíi 14 fólítì (volt) nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Bó bá sọnù, màá tún òmíràn rà lọ́la.

Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n bébà tí mo kọ kóòdù àti fuel trim sí ni mo fi ń kí i. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá tó ń ta ẹja nítòsí ilé wa wa mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Iná tàn sí tiẹ̀ náà, wọ́n sì ti sọ iye tó máa ná an fún un. P0420 ló jáde, ẹ̀sùn tó ń kan catalytic converter, ohun tó ń sọ èéfín mọ́tò di mímọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún un, mo ní, “Ìyá, ẹ má tíì ra nǹkan kan,” èmi àti ọmọ mi sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.