Hard drive 2TB tí mo rà ní Ìkẹjà, àti àwọn tó ni wáráńtì rẹ̀

Ohun tó mú mi kọ èyí ni lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe hard drive yìí fi ránṣẹ́ sí mi: inú àwọn dùn láti sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe é. Hard drive tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lórí tábìlì mi bí aláǹgbá tó há sínú páànù!

Fídíò òde ni mo máa ń yà n'Íbàdàn. Kò tíì pé ọdún kan tí mo rà á ní Computer Village. Nígbà tí mo rà á, ó dára, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Ìgbà tó yá, tí mo bá ń da fáìlì sínú ẹ̀, á dúró lójú kan, á pòórá lójú kọ̀ǹpútà, á tún yọjú padà. Mo pààrọ̀ okùn, pàbó. Mo ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara hard drive ṣe le sí, ó ti yọ àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fúnni: àwọn ojú ibi tó ti bàjẹ́ ń pọ̀ sí i. Ìgbéyàwó kan tá a yà n'Íjẹ̀bú-Òde, tí n kò tíì gé, wà nínú ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní kí n fi ètò àyẹ̀wò tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ti kúkúrú. Kò pẹ́, ó kọ "PASS". Ẹni tó bá mọ hard drive mọ̀ pé àyẹ̀wò kúkúrú kì í ka gbogbo ojú ẹ̀, ibi díẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn. Mo fi àwòrán CrystalDiskInfo ránṣẹ́, ó ní àwọn ò gba ètò ẹlòmíì. Mo gba ohùn kẹ́-kẹ́-kẹ́ náà sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ fún sùúrù mi, ó ti ẹ̀sùn náà pa. Sùúrù wo? Ta ló sọ fún un pé mo ní sùúrù?

Mo tún ẹ̀sùn náà ṣí. Ẹlòmíì ní kí n ṣe èyí tó gùn. Kò sọ fún mi pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa hard drive tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ pátápátá. Wákàtí mélòó kan ni. NEPA mú iná lọ, bátìrì lápútọ́ọ̀pù tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ni mo bá tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. Bàbá onílé kanlẹ̀kùn lóru: "Ṣé òkú lò ń ṣe ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, hard drive ni." Wọ́n wò mí títí, wọ́n lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó kọ "FAIL". Mi ò rò pé FAIL ti dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú tó báyẹn rí.

Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì aṣojú wọn n'Íkẹjà, kí n mú rìsíìtì dání. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá tó tà á fún mi: láìjẹ́ pé mo béèrè, ó ti kọ nọ́ńbà ara hard drive náà sórí rìsíìtì. Láìsí ìyẹn, wọn ò bá má dá mi lóhùn.

Ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àbúrò obìnrin tó wà ní káńtà ò tíì wo rìsíìtì tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kó fáìlì yín kúrò nínú ẹ̀?" Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló bi mí. Ó ní wáráńtì ò mọ fáìlì o. Tóun bá ti gbà á, kò ní padà sọ́wọ́ mi mọ́. Ó ní òun máa fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí n lọ gba ohun tí mo bá lè gbà, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ihò USB ẹ̀ wà lára pátákó iná inú rẹ̀ gan-an, kò sí ihò míì tí wọ́n lè gbà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà; títú u kò ní ṣe mí láǹfààní kankan, wáráńtì á sì bá a lọ.

Ọmọkùnrin kan ní Òtìgbà fi ddrescue fà á. Ètò yẹn máa ń kọ́kọ́ kó èyí tó ṣeé kà, á fi ibi tó bàjẹ́ sí ìkẹyìn. Èyí tó pọ̀ jù jáde. Àdúrà bàbá ìyàwó já ní méjì. Ìjà orin alága ìjókòó àti alága ìdúró jáde láìsí àbùkù kankan, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Èyí tí wọ́n fi rọ́pò dé kíákíá, mo gbà. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé àtúnṣe ni. Owó ọjà tuntun ni mo san! Ìyókù wáráńtì ti àtijọ́ ló sì jogún, kò rí tiẹ̀. Lẹ́yìn àgbàrá Thailand ọdún 2011, tó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe hard drive, tí hard drive fi wọ́n gógó, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kéde ní December ọdún yẹn pé àwọn máa gé ọdún wáráńtì ọ̀pọ̀ ọjà àwọn kù. Àwa tá à ń rà á là ń san gbèsè ẹ̀.

Àtúnṣe yìí ń sáré, kì í gbóná, kò sì tíì dún kẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní fi iṣẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo sínú ẹ̀ láìní ẹ̀dà níbòmíì.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Àbúrò Ìkẹjà ló ni mẹ́ta, ọ̀gá tó kọ nọ́ńbà sórí rìsíìtì ló ni ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ò ní ìkankan ńbẹ̀.