Ìkìlọ̀ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ Lisbon, ẹ ṣọ́ra fún ajẹ́ntì tó ń ta yàrá Alfama

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester tẹ́ ẹ fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ Lisbon nínú ọlidé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń bẹ tó ń ti gúrúùpù WhatsApp kan bọ́ sí òmíì, Yorùbá ló ń sọ, ẹnu ẹ̀ dùn, àgbà ni o ọmọdé ni o, ẹ̀gbọ́n ló máa pè ẹ́, á ní òun ní yàrá ní Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan ní Lisbon, tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí odò Tagus, ìṣẹ́jú 5 péré sí Rossio láàárín ìlú, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì ohun tí hósítẹ̀ẹ̀lì ń gbà. Gbájú-ẹ̀ ni. Kò ní yàrá kankan níbẹ̀.

Ibi tó ti ń rí wa mú ni ọ̀rọ̀ físà. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kódà kó ti pẹ́ ní UK, ó ṣì ní láti gba físà Schengen kó tó wọ Pọ́túgà, wọ́n á sì ní kó mú ẹ̀rí ibi tó máa dé sí wá. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní òun máa kọ lẹ́tà tó ní sítáǹbù fún ẹ, ìwọ ṣáà san gbogbo owó ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́. Kì í gba káàdì. Kò jẹ́ gbà kó o bá òun ṣe é lórí àwọn wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo ayé fi ń gba yàrá, á ní wọ́n máa ń gé owó òun. Tìráńsífà nìkan, orúkọ tó sì wà lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó sọ fún ẹ, tó o bá bi í, á ní ìyàwó òun ni. Ìyàwó mélòó gan-an? Torí orúkọ tí a rí lọ́wọ́ àwọn tó ti sanwó ò bá ara wọn mu rárá.

Ọmọ àǹtí mi wà lára àwọn tó san. Ó dé Lisbon lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó wọ metro láti pápákọ̀ òfurufú títí dé Santa Apolónia, ibùdó tó wà nísàlẹ̀ Alfama, ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní orí òkè 7 ni wọ́n tẹ Lisbon dó sí, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó gbé ẹrù, ó ju 7 lọ dáadáa. Ilẹ̀ tó mì tìtì ní 1 November 1755 wó Baixa, àárín ìlú tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, palẹ̀, Marquês de Pombal tó jẹ́ mínísítà ọba nígbà yẹn ló sì darí bí wọ́n ṣe tún un kọ́, ìdí nìyẹn tí títì ibẹ̀ fi gún gbọọrọ tí èèyàn ò fi lè sọnù. Alfama ní tiẹ̀ bọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìparun yẹn, bí wọ́n ṣe là á látijọ́ náà ló ṣì wà, kọ̀rọ̀ wọnú kọ̀rọ̀, àtẹ̀gùn á kàn ṣàdédé já sí ẹ̀yìnkùlé onílé, fóònù gan-an á máa ṣì ọ̀nà. Ibẹ̀ dáa fún oníjìbìtì, torí tó o bá pè é pé o ò rí ilé, á ní o ṣìnà ni, tún gùn díẹ̀ sí i, yà sọ́wọ́ òsì. Bó ṣe ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré lórí àtẹ̀gùn nìyẹn títí ó fi pa fóònù ẹ̀. Títì tó fún un wà lóòótọ́ o, nọ́ńbà ilé ni ò sí, ilé tó kẹ́yìn títì náà ò dé nọ́ńbà tó kọ. Ìyá àgbà kan tó ń ká aṣọ lójú fèrèsé kàn mi orí ni, ó jọ pé ó ti rí irú ẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀. Ní Pọ́túgà, ilé tí wọ́n fi ń gba àlejò fún ọjọ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, Alojamento Local ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un máa ń parí sí AL, nọ́ńbà yẹn sì gbọ́dọ̀ wà lára ìpolówó, kí pátákó AL wà lẹ́nu ọ̀nà. Hósítẹ̀ẹ̀lì náà wà lábẹ́ ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbowó yín, ẹ wá a nínú ìwé orúkọ tí Turismo de Portugal, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àdírẹ́sì á jáde, ẹ fi wé èyí tó fún yín. Tó bá ní tòun ò nílò nọ́ńbà, pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ sá. Ti físà yẹn náà ò le tó bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn hósítẹ̀ẹ̀lì pọ̀ tẹ́ ẹ lè gbà láìtíì sanwó, tẹ́ ẹ sì lè fagi lé láìpàdánù, ìwé ẹ̀ náà lẹ máa tẹ̀ jáde.

Ohun tí èmi rí nílùú yẹn ni pé òkè yẹn gan-an ni wọ́n fi ń pawó lára àlejò. Ibi tí orúnkún bá ti ń yẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá wa yìí náà pọ̀ níbẹ̀, tuk-tuk lorúkọ tó ń jẹ́, wọ́n á tò sí ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n á sì máa wo báàgì ẹ̀yìn yín. Kò ní mítà. Àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ wà níbẹ̀ o, n ò fẹ́ ba ti gbogbo wọn jẹ́, ṣùgbọ́n òmíì á dárúkọ owó kan, tẹ́ ẹ bá dé òkè tán á ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní lọ́kàn. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó jókòó: gbogbo wa lápapọ̀ àbí ẹnì kan? Kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò wọn. Ẹ wọ Rua dos Fanqueiros ní Baixa, ẹ wá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ Elevador Castelo sí, lífítì ni, ọ̀fẹ́, ó máa gbé yín dé Rua da Madalena, ẹ sọdá, ẹ rìn díẹ̀ dé Chão do Loureiro tó jẹ́ ọjà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, lífítì míì wà nínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ni, tẹ́ ẹ bá fi máa bọ́ síta, Castelo de São Jorge, ilé odi àtijọ́ tó wà lórí òkè, ò jìnnà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gun Chiado, àdúgbò tó wà lókè Baixa, kó wọnú ibùdó metro Baixa-Chiado láti Rua do Crucifixo, àtẹ̀gùn oníná á gbé e títí dé òkè, kò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Elevador de Santa Justa, lífítì àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1902, tí èèyàn máa ń tò sí tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń gba ìrẹsì ọ̀fẹ́, orí ẹ̀ já sí Largo do Carmo, ẹ lè fẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn débẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìlú láìtò. Ascensor da Glória, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń fi wáyà fà gun òkè, ni èyí tó já ní 3 September 2025 tó pa èèyàn 16, ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́wọ́ alárìnkiri kankan.

Tram 28, èyí tó ń lọ láti Martim Moniz sí Campo de Ourique, àwọn jàgùdà fẹ́ràn ẹ̀ ju àwa àlejò lọ. Ẹ gbé báàgì síwájú. Tó bá kún ẹ fi sílẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 737 ní Praça da Figueira, òun náà ń lọ Castelo. Àwọn ọkùnrin tó ń rọra sọ pé haxixe haxixe, ìyẹn igbó, ní Rua Augusta, ewé lásán ni wọ́n sábà máa ń tà, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ ATM tó bá ní àmì Multibanco, ti àwọn báńkì Pọ́túgà fúnra wọn, ni kẹ́ ẹ lò, tó bá bi yín bóyá kó ṣírò ẹ̀ sí pọ́n-ùn, ẹ ní yúrò lẹ fẹ́. Ilé oúnjẹ náà, búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n gbé síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, òfin ò gbà kí wọ́n gbowó ẹ̀ tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá ṣagídí, ẹ ní kí wọ́n gbé livro de reclamações wá, ìwé ẹ̀sùn ni, dandan ni kí ilé oúnjẹ ní in, ẹ máa rí bí ojú ṣe máa yí padà.

Fún ẹni tọ́wọ́ ti tẹ̀: ẹ pe báńkì yín kíákíá. Láti 7 October 2024, tí oníjìbìtì bá tàn ẹ́ tó o fowó ránṣẹ́ láti àkáǹtì UK sí àkáǹtì UK, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà, ó lè tó £85,000, àyàfi tí wọ́n bá fi hàn pé àìbìkítà tìẹ ti pọ̀ jù, oṣù 13 lo sì ní láti fi sùn. Tó bá jẹ́ àkáǹtì òkè òkun, òfin yẹn ò dé ibẹ̀, ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ ẹ wo àkáǹtì yẹn dáadáa. Ní Lisbon, ọlọ́pàá tó ń gbọ́ ẹjọ́ àlejò wà ní Palácio Foz, Praça dos Restauradores, wọ́n gbọ́ òyìnbó, ẹ rí i pé ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn, torí báńkì lè bèèrè ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó fún un, ẹ fi orúkọ tó wà lórí àkáǹtì àti déètì tẹ́ ẹ san án ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síta níbí kó má baà rí i kó tún yí padà. Ọmọ àǹtí mi ti fi tiẹ̀ fún báńkì, wọ́n ṣì ń wò ó.