Ìbọ̀wọ́ tàbí ọwọ́ lásán nídìí dírílì?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ irin gbà pé ìbọ̀wọ́ ló dára jù níbi gbogbo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Nídìí dírílì orí tábìlì, ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò sára irin, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu dírílì a máa yí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá gbá fọ́nrán òwú kan ṣoṣo mú lára ìbọ̀wọ́, á ká a mọ́ra, á sì fa ìka tẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni tó sáré pa iná. Ìbọ̀wọ́ aláwọ tilẹ̀ burú sí i, nítorí kì í tètè ya.

Ọwọ́ lásán ò ní fọ́nrán tí ẹ̀rọ lè fà. Àmọ́ kì í ṣe pé kí ẹ fi ọwọ́ yẹn di irin mú o! Ẹ dè é mọ́ fáìsì (irinṣẹ́ tó ń di nǹkan mú pinpin), ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ bọ́ òrùka, ẹ di irun, ẹ wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú.

Ìgbà tí ìbọ̀wọ́ wúlò ni ìgbà tí ẹ bá ń gbé páànù tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, tí ẹ̀rọ kankan ò yí. Èérún irin ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi gbá a, lẹ́yìn tí dírílì bá ti dúró pátápátá.