Noctua NH-D15 lórí i7-8700K tí mo overclock: ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fóltéèjì ni ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí: NH-D15, heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), dára, n kò sì ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé heatsink ńlá nìkan ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ooru processor tí wọ́n overclock (tí wọ́n mú sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣètò lọ), ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Core i7-8700K tí Intel gbé jáde ní 2017 ni mo fi dán an wò. Core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò) mẹ́fà ló ní, iná 95 W ni wọ́n sì kọ fún un. 95 W yẹn, ti eré tí ilé iṣẹ́ ṣètò fún un ni. Tí ẹ bá gbé e dé 5 GHz, tí ẹ sì fi Prime95 (ètò ìdánwò tó ń ti processor dé òpin agbára rẹ̀) tó ń lo AVX (àṣẹ ìṣirò tó wúwo) lù ú, ó máa ń kọjá 150 W dáadáa. Tó bá kan 100°C, á dẹ eré fúnra rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, eré tí ẹ ń wá kiri á sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Heatsink náà tóbi, kò ṣeé fi pamọ́. Ọdún 2014 ni Noctua, ilé iṣẹ́ kan ní Ọ́stríà, gbé e jáde: páìpù bàbà mẹ́fà tó gba àárín páànù alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, àti fáànù ńlá méjì aláwọ̀ búráùn tí kì í wu gbogbo èèyàn. Gíga rẹ̀ jẹ́ 165 mm, ó sì wúwo ju kílò kan lọ. Ẹ wọn inú kéèsì yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo RAM pẹ̀lú, torí èyí tó bá ga ju 32 mm lọ kò ní wọ abẹ́ fáànù iwájú, àfi tí ẹ bá gbé fáànù náà sókè, gíga gbogbo rẹ̀ á sì tún lé sí i.

Bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́ motherboard (pátákó tí processor jókòó lé) wù mí gan-an. Irin kan máa ń lọ sẹ́yìn motherboard, síkúrúù méjì tó ní spring á wá fà heatsink mọ́lẹ̀. Ẹ yọ fáànù àárín kí screwdriver gígùn tó wà nínú páálí lè débẹ̀, kí ẹ sì máa yí wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí wọn ò fi ní yí mọ́. Thermal paste NT-H1 (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara processor lọ sí heatsink) wà nínú páálí, díẹ̀ ní àárín sì ti tó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sí 5 GHz, mo fi fóltéèjì sílẹ̀ sí Auto nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ motherboard) kí n lè rí ohun tí motherboard á ṣe fúnra rẹ̀. HWiNFO, ètò tó ń ka ooru àti fóltéèjì, fi hàn pé 1.38 V ló ń fún un. Kò pẹ́ rárá tí àwọn core fi kọjá 90°C. Mo wá na ọwọ́ sẹ́yìn heatsink, atẹ́gùn tó ń jáde kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ níbi tí àwọn páìpù ti wọlé, kò gbóná débi tí èèyàn á fi yára fa ọwọ́. Ooru wà lóòótọ́, kò tíì ráyè dé ọ̀dọ̀ heatsink ni.

Ohun tó fà á ni pé lábẹ́ ìderí irin 8700K, thermal paste ni Intel fi sáàárín chip àti ìderí. Wọn kò jó wọn pọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe sí processor 9900K lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde há níbẹ̀, kò sì sí fáànù tó lè là á. Àwọn kan máa ń ṣí ìderí náà kí wọ́n fi liquid metal (irin olómi) rọ́pò paste yẹn. Ó ń mú ooru wálẹ̀ gan-an ni, àmọ́ garanti processor ti lọ nìyẹn, gallium inú rẹ̀ máa ń jẹ alumíníọ̀mù, tó bá sì kán sí ibi tí kò yẹ, iná á gba ibẹ̀ kọjá. Èmi kò fẹ́ ewu yẹn. Fóltéèjì ni mo dojú kọ.

Iná tí processor ń jẹ ń tẹ̀ lé eré rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé fóltéèjì, àmọ́ fóltéèjì la máa ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Tí ẹ bá kúrò ní 1.38 V bọ́ sí 1.28 V láìfọwọ́ kan eré, nǹkan bí 14% nínú iná yẹn ti lọ. Mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi Prime95 lù ú, títí kọ̀ǹpútà fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo wá gbé e padà sókè díẹ̀. Àárín ni mo fi LLC (ètò BIOS tó ń di fóltéèjì mú kó má baà wálẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀) sí, torí èyí tó bá ga jù máa ń jẹ́ kí fóltéèjì fò ju iye tí ẹ kọ lọ.

Tí ooru bá ṣì ń dà yín láàmú lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì kí ẹ tún fi Prime95 lù ú. Tó bá wálẹ̀ gan-an, atẹ́gùn kéèsì ni kò tó, kì í ṣe ẹ̀bi heatsink. Ẹ má sì fi iye tèmi wé tiyín láìwo bí yàrá yín ṣe gbóná sí. Kò sí heatsink tó lè mú nǹkan tutù ju atẹ́gùn tó ń fà wọlé lọ, yàrá tó bá sì fi dígírì márùn-ún gbóná sí i, processor náà á fi bíi márùn-ún gbóná sí i.

Ní ti ariwo, kò sí ẹjọ́. 1500 rpm ni fáànù wọ̀nyí ń sá dé tí wọ́n bá sá tán. Ẹ kàn jẹ́ kí BIOS dúró díẹ̀ kó tó gbé eré wọn sókè, torí ooru 8700K máa ń fò lójijì tí ẹ bá ṣí ètò kan, fáànù á sì máa ké sókè sódò láìnídìí.

4.9 GHz ni mo fi tèmi sí, 1.26 V, AVX offset 2 (eré á fi 200 MHz dínkù tí AVX bá ń ṣiṣẹ́). Pẹ̀lú Cinebench, ètò ìdánwò mìíràn, ó ń wà ní bíi 75°C. Nínú géèmù, kì í sábà kọjá 65°C. N kò rí iṣẹ́ kankan tí 5 GHz ń ṣe tí eléyìí kò ṣe, iye fóltéèjì tí 100 MHz tó kẹ́yìn yẹn ń bèèrè sì ti pọ̀ jù fún mi.