Àyẹ̀wò àwo Secchi: ohun tó lè ṣe fún ará àdúgbò tó ń ṣọ́ adágún, àti ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Bí àwọn tó ń gbé létí adágún bá ti pinnu pé àwọn fẹ́ máa ṣọ́ omi wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni ká kọ́kọ́ rà? Ọ̀pọ̀ á ti fẹ́ sáré ra ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń ka bí omi ṣe rú tó. Èsì tiwa ni pé kí ẹ fi àwo Secchi bẹ̀rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, wọ́n kun méjì tó kọjú síra ní dúdú, wọ́n kun méjì yòókù ní funfun. Okùn tí wọ́n ti sàmì mítà sí lára wà láàárín rẹ̀, ìwúwo kan sì rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó sọ ọ́ sínú omi títí ojú ò fi ní rí i mọ́, ẹ ó sì kọ jíjìn ibi tó ti pòórá sílẹ̀. Bí omi bá ṣe mọ́ gaara tó ni àwo á ṣe jìn tó kó tó pòórá.

Angelo Secchi, àlùfáà Ìjọ Àgùdà àti onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, ló dán irú àwo yìí wò ní 1865 láti inú ọkọ̀ póòpù lórí òkun Mẹditaréníà. Ní 1899 ni George Whipple ní Amẹ́ríkà fi dúdú kún funfun rẹ̀. Àwọn tó ń wọn òkun ṣì ń lo èyí tó funfun látòkè délẹ̀, tó sì tún fẹ̀ jù. Ti adágún ni kí ẹ rà, aláwọ̀ méjì. Dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ni ojú fi ń wé funfun kó tó mọ̀ pé funfun ti lọ.

Àwo fúnra rẹ̀

Onírin wà, oníke wà. Méjèèjì dára bí ọ̀dà wọn kò bá ń dán. Ọ̀dà tó ń dán máa ń ju ìmọ́lẹ̀ òòrùn padà sójú ẹni tó ń wò ó, yóò sì dà bíi pé àwo ṣì ń hàn. Funfun tó ti pọ́n tàbí tó ti hu èérí ewé omi máa ń yára pòórá, yóò sì dà bíi pé adágún ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé àwo ló dọ̀tí. Aṣọ rírọ̀ àti omi ni kí ẹ fi nù ún. Kàn-ìn-kàn-ìn onírin àti iyanrìn á bó ọ̀dà rẹ̀.

Oníke fúyẹ́, ó sì máa ń fẹ́ léfòó, nítorí náà ìwúwo abẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Kílò kan sí méjì ló tó. Abẹ́ àwo ni kí ìwúwo náà wà. Bó bá jẹ́ òkè, yóò bo ojú àwo tí ẹ fẹ́ wò. Tí ìwúwo bá kéré, tí atẹ́gùn bá ń ti ọkọ̀, okùn á dagun. Okùn tó fi ìwọ̀n igun 30° dagun kúrò ní òòró á ka mítà 2 nígbà tó jẹ́ pé mítà 1.73 péré ni àwo jìn. Irọ́ tí okùn ń pa yìí dùn mọ́ni, nítorí omi á dà bíi pé ó mọ́ ju bó ṣe rí lọ.

Okùn ló ń já ni kulẹ̀

Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lódidi ti ń kùnà. Okùn náílọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn, náílọ́ọ̀nù sì máa ń mu omi, ó sì máa ń fà gùn. Okùn òwú máa ń sún kì. Ohun tó ti jẹ́ mítà kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe mítà kan mọ́ nínú adágún. Okùn polyester tí wọ́n hun ló dára jù. Téèpù ìwọ̀n gígùn tí wọ́n fi fiberglass ṣe náà dára, bí ẹ bá fi so mọ́ àwo dípò okùn.

Bí ẹ bá ti ní okùn lọ́wọ́, ẹ má gba àmì ara rẹ̀ gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ so àwo àti ìwúwo rẹ̀ mọ́ ọn kó rọ̀ sísàlẹ̀ láti ibi gíga, kí ẹ wá fi téèpù ìwọ̀n wọ̀n ọ́ bó ṣe tutù bẹ́ẹ̀. Ojú àwo ni òdo, kì í ṣe ibi tí okùn ti ta kókó. Láàárín ojú àwo àti kókó yẹn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lè sọnù, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ẹ sàmì sí gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 ní dúdú, gbogbo mítà kọ̀ọ̀kan ní pupa. Inki máákà máa ń ṣí, téèpù aláwọ̀ sì máa ń yọ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Òwú aláwọ̀ tí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán wọ inú okùn ló ń pẹ́. Kí ẹ tún okùn wọ̀n lọ́dọọdún, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ jáde, nígbà tí òòrùn ga, lọ́jọ́ tí ìgbì ò pọ̀. Ibi tí adágún ti jìn jù lọ ni kí ẹ lọ, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ohun méjì tó dúró sójú kan létí omi ṣe àmì rẹ̀, tàbí kí ẹ lo GPS fóònù. Ẹ rọra ju ìdákọ̀ró, kó má baà ru ẹrẹ̀ sókè síbi tí ẹ fẹ́ wò.

Ẹ yọ awò dúdú kúrò lójú. Ẹ wò ó láti apá tí òjìji ọkọ̀ wà, kí dídán ojú omi má baà dí yín lójú. Bí àwo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, dúdú ló máa kọ́kọ́ lọ. Funfun á wá gba àwọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ á yọ́, á kù bí èéfín, kó tó di pé kò sí mọ́ rárá. Ẹ má fi ìkánjú pe ìgbà èéfín yẹn ní ìgbà tó pòórá. Bó bá lọ pátápátá, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há okùn níbi tí ó ti kan ojú omi. Ojú omi ni, kì í ṣe etí ọkọ̀: ẹni tó bá ń kà á létí ọkọ̀ á máa fi gíga ọkọ̀ kún un lójoojúmọ́, àṣìṣe yìí ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ wá máa fà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi tún rí i. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì kejì há ibẹ̀. Bí èkínní bá jẹ́ mítà 1.8, tí èkejì jẹ́ 1.6, ẹ kọ 1.7.

Kí ẹnì kejì náà kà á, láì gbọ́ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ 1.7, 1.7 náà ni ojú rẹ̀ á máa wá. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ tún un ṣe. Bí àwo bá kanlẹ̀ tí ẹ ṣì ń rí i, ẹ kọ jíjìn omi, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ó kanlẹ̀.

Ohun tí iye náà ń sọ

Ní 1977, Robert Carlson gbé ìṣirò kan jáde tó ń sọ jíjìn àwo di àmì tó ń fi hàn bí oúnjẹ ewé ṣe pọ̀ tó nínú adágún. Mítà 4 jẹ́ 40, mítà 2 jẹ́ 50, mítà 1 jẹ́ 60, ìlàjì mítà jẹ́ 70. Ìgbàkígbà tí jíjìn bá dín sí ìdajì, àmì á fi 10 ga sí i. Láti 50 lọ sókè, algae (ewé omi tín-tìn-tín) ti ń rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ajílẹ̀ oko tàbí omi ìdọ̀tí ilé sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àmọ́ àwo kò mọ ohun tó dí i lójú. Lẹ́yìn òjò ńlá, àgbàrá ló rú omi, kì í ṣe algae. Adágún tó ń gba omi láti inú àbàtà lè ní àwọ̀ bíi tíì, kí àwo rẹ̀ má lọ jìnnà, kó sì jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ omi, ojú ọjọ́, àti bó ti pẹ́ tó tí òjò rọ̀. Omi tó mọ́ gaara kò sì túmọ̀ sí omi tó ṣe é mu. Àwo ò lè rí kòkòrò àrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó léfòó lójú omi bí ọ̀dà àwọ̀ ewé, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí irú algae kan wà tó ní májèlé.

Ta ló máa di okùn mú?

Àwo yìí ò ṣe ìlú láǹfààní bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó. Ẹni mẹ́rin ló yẹ: ẹni tó ń tukọ̀, òǹkàwé méjì, akọ̀wé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ apẹja, kí òmíràn jẹ́ àgbẹ̀ tí omi oko rẹ̀ ń ṣàn wọ adágún. Ọ̀gbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àgbẹ̀ tó fojú ara rẹ̀ rí i tí àwo pòórá ní ìlàjì mítà lẹ́nu odò tó ti oko rẹ̀ wá ló máa kọ́kọ́ gbà pé kí koríko wà létí odò náà.

Ọ̀sẹ̀ méjìméjì tó. Ẹ fi èsì sára pátákó níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, lọ́jọ́ tí ẹ kà á gan-an. Kí ẹ ti fẹnu kò ṣáájú nípa ohun tí ẹ máa ṣe: bí ìgbà méjì léraléra bá dín ní ìdajì sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, kí àwọn kan tọ gbogbo odò tó ń wọlé lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Láìsí ìpinnu yìí, ìwé á kàn kún lásán. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, nítorí bírò kì í sábà kọ dáadáa lórí ìwé tó tutù.

Ó gba sùúrù. Ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kéèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé adágún ń sunwọ̀n tàbí ó ń bàjẹ́. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ti ń gba irú ìwọ̀n yìí lọ́wọ́ ará ìlú láti 1973. Ètò Secchi Dip-In, tí Carlson dá sílẹ̀ ní 1994, ń gbà á láti ibi gbogbo láyé. Ní adágún Washington ní Seattle, àwo ò ju bíi mítà kan lọ ní 1963. Ará ìlú ti dìbò ní 1958 pé kí àjọ kan máa darí omi ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, W. T. Edmondson ti yunifásítì ìlú náà sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sómi fún wọn. Iṣẹ́ parí ní 1968, àwo sì ti kọjá mítà mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Ìdájọ́ wa

Nínú márùn-ún, a fún àwo ní márùn-ún, okùn tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ní méjì. Ike gbọọrọ tí wọ́n ń da omi sí láti wò ó, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 120, dára fún odò àti etí omi tí ọkọ̀ ò lè dé, ṣùgbọ́n kò tó omi tó mọ́. Ẹ̀rọ oníbátìrì ń ka omi rírú dáadáa, àmọ́ ó nílò omi ìdánwò láti fi tún un tò, bí ẹ̀yin bá sì gbàgbé, irọ́ ló máa pa. Ẹ jẹ́ kó di ọdún kejì kí ẹ tó ronú nípa rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ ra ìgò tí ẹ ó fi máa kó omi lọ síbi àyẹ̀wò phosphorus, ọ̀kan nínú oúnjẹ algae.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí adágún mìíràn, ẹ fọ okùn, àwo àti ìdákọ̀ró, kí ẹ sì sá wọn gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ọmọ ìgbín-odò àjèjì tàbí ewé inú omi kan má baà bá a lọ. Pẹ́ẹ̀gì onígi ni kí ẹ rà, ó ń léfòó bó bá já bọ́. Bí owó bá sì ṣẹ́kù, okùn kejì ni kí ẹ fi rà, kì í ṣe àwo kejì.