Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Gbin Igi Òrí: Kóró Sísè Ni Wọ́n Ń Tà Fún Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín wà ní Òkè-Ògùn àti ní ìhà àríwá Kwara, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ń polówó irúgbìn igi òrí lórí WhatsApp tàbí Facebook. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kóró òrí tí a kò tíì sọ di òrí kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, ni mo ti ń rí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo sì ti kó sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Oṣù kọkànlá ni mo ra igba kóró lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi dá mi lójú pé wọn yóò so lẹ́yìn ọdún méjì. Kóró náà gbẹ, ó ń dán, kò sí ìkankan tó jẹrà, mo sì gbà pé ojúlówó ni. Nígbà tí oṣù kan kọjá lẹ́yìn tí mo gbìn wọ́n, tí n kò rí ọ̀mùnú kan ṣoṣo, mo pè é, ó sì fi sùúrù dá mi lóhùn pé igi òrí kì í tètè yọ. Òótọ́ ni ó sọ, ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà sì fara pamọ́ sí. Bí kóró òrí bá hù, ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, gbòǹgbò rẹ̀ á wọlẹ̀ dáadáa kí ọ̀mùnú tó ti inú ilẹ̀ jáde, èyí sì lè ju oṣù kan lọ. Ẹni tó tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń fi pípẹ́ yẹn ra àkókò. Nígbà tí mo hú wọn, gbogbo èyí tí mo gbìn ti jẹrà, ọkùnrin náà kò sì gbé ìpè mi mọ́.

Mo mú díẹ̀ tí n kò tíì gbìn lọ bá ìyá kan tó ń ṣe òrí ní Ṣakí. Ó mi ọ̀kan sétí, ó fọ́ ọ, ó ní, “Ọmọ mi, èyí ti wọ inú omi gbígbóná.” Kóró tí àwọn ìyá wa ń sè, tí wọ́n ń sá sóòrùn kí ó má baà hù, ni wọ́n tà fún mi. Ọjà gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe òrí, ṣùgbọ́n òkú ni lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbìn ín. Èyí tí a kò sè pàápàá kì í pẹ́ kú, nítorí pé bí omi ara rẹ̀ bá ti gbẹ, ó parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló yẹ kí ó ti wọlẹ̀. Ìgbà òjò, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ, ni èso òrí ń já bọ́. Ẹni tó bá ń tà á fún gbígbìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sá fún un.

Ẹ mi kóró náà kí ẹ tó sanwó: tútù máa ń kún inú èèpo rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ọmọ inú gbígbẹ a sún kì, a sì máa dún. Ẹ fọ́ ọ̀kan níwájú ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá ti gbìn ín, ẹ fara balẹ̀ wú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sí gbòǹgbò, ẹ tètè figbe ta.

Ní ti èso ọdún méjì, ẹ má gbà á gbọ́ rárá. Igi òrí tí a gbìn láti inú kóró lè gba ọdún 10 sí 20 kí ó tó so. Èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi àgbà mọ́ máa ń yá jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ hàn sí yín. Èmi yóò lọ sí abẹ́ igi fúnra mi nígbà òjò, lẹ́yìn tí mo bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni oko, n óò ṣa èso tó já, n óò sì gbìn ín sínú láílọ́ọ̀nù jíjìn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Bí wọ́n bá ti lu ẹ̀yin náà ní jìbìtì, ẹ má ṣe pa rísíìtì àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́. Ẹ kó wọn lọ sí báńkì yín àti àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti kó tèmi lọ.