Ìjàpá aláfọwọ́bọ̀ àbí Ìjàpá olókùn nínú fíìmù àlọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ ya fíìmù àlọ́ l'Ábújá, tí ọmọdé gidi yóò máa bá Ìjàpá ọmọlangidi sọ̀rọ̀, aláfọwọ́bọ̀, èyí tí a ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti darí rẹ̀, ni kí ẹ mú. Fóòmù ínǹṣì 1 tí àwọn tó ń ṣe àga ń lò ni kí ẹ fi gé orí rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú fóòmù méjèèjì tí ẹ fẹ́ lẹ̀ pọ̀, kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ má kánjú níbí, torí èyí tí a lẹ̀ ní tútù máa ń já nínú ooru oṣù kẹta.

Àtàǹpàkò ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ìka 4 yòókù ni òkè ẹnu. Àgbọ̀n ni kó máa lọ sílẹ̀. Bí ìka 4 bá ń gbé orí sókè, Ìjàpá á máa wo àjà, ọmọ náà á sì dà bí ẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìjàpá aláfọwọ́bọ̀ kò lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ògiri tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tó láti bo ẹni tó kúnlẹ̀ tó ń darí rẹ̀.

Ìjàpá olókùn, èyí tí a ń fi okùn darí láti òkè, ń rìn, ó ń jó, ó wuni púpọ̀. Àmọ́ níta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa fì í kiri, okùn á sì lọ́ mọ́ra. Inú ilé ló dáa sí, pẹ̀lú okùn dúdú tí kò ní dán nínú iná.